Ta ni Sir James Douglas, ta ni ó sì jogún rẹ̀?

Ìbéèrè òǹkàwé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ mi tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Glasgow mú iṣẹ́ àṣetiléwá wálé lórí ìjòyè Skọ́tíláńdì ayé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Douglas Dúdú. Mo kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé adúláwọ̀ ni ọkùnrin náà, pé ó gbé ọkàn ọba rẹ̀ kọ́rùn lọ sí ogun, àti pé ọmọ àlè rẹ̀ ni ó jẹ oyè ilé wọn nígbẹ̀yìn. Èwo ni òótọ́ nínú rẹ̀? Ṣé ó tilẹ̀ fẹ́ ìyàwó? Báwo sì ni ọmọ àlè ṣe lè jogún irú oyè bẹ́ẹ̀, nígbà tí òfin wọn le tó bẹ́ẹ̀ lórí ìgbéyàwó?"

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín, mo sì kí ọmọ yín kú iṣẹ́. Kí n kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí: James Douglas kì í ṣe adúláwọ̀. Òótọ́ ni pé ó gbé ọkàn ọba rẹ̀ lọ sí ojú ogun. Kò sí ìwé àtijọ́ kankan tí ó dárúkọ ìyàwó fún un. Ọmọ rẹ̀ Archibald, tí a kò bí sínú ìgbéyàwó, sì di olórí ilé Douglas ní ọdún 1389, ọdún 59 lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Ìwé kan tí ọba fọwọ́ sí ní ọdún 1342 ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe. Ìwé yẹn ni kókó ọ̀rọ̀ wa, ṣùgbọ́n kò ní yé yín dáadáa bí ẹ kò bá kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ ilé Douglas àti bí ó ṣe padà sí ọwọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n yanjú ọ̀rọ̀ àwọ̀ ná. Ẹni tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wa ni John Barbour, àlùfáà àgbà kan ní Aberdeen, tí ó kọ ewì gígùn ní nǹkan bí ọdún 1375 lórí Ọba Robert Bruce àti àwọn tí ó bá a jagun. Barbour ní, gẹ́gẹ́ bí òun ṣe gbọ́, irun Douglas dúdú, ojú rẹ̀ rí bí eérú díẹ̀, egungun rẹ̀ tóbi, èjìká rẹ̀ gbòòrò, ahọ́n rẹ̀ sì máa ń wúwo díẹ̀ tí ó bá ń sọ̀rọ̀, èyí tí ó tilẹ̀ bá a mu. Irun ni ó fa "Dúdú", gẹ́gẹ́ bí ó ṣe jẹ́ pé nínú agboolé Yorùbá kan náà, ẹnìkan lè máa jẹ́ Dúdúyẹmí kí wọ́n sì máa ki èkejì ní apọ́nbépọ̀ré. Nígbà tí ó yá, ilé Douglas pín sí ẹ̀ka Dúdú àti ẹ̀ka Pupa, òyìnbó sì ni gbogbo wọn. Àmọ́ àwọn ará àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọkùnrin yìí sun oko àti abà wọn ní ọdọọdún, fi ìtumọ̀ mìíràn sí orúkọ náà: lójú tiwọn, ìwà rẹ̀ ni ó dúdú. Sir James Rere ni àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ń pè é.

N ó máa dárúkọ Barbour léraléra, nítorí náà ó yẹ kí ẹ mọ irú ẹlẹ́rìí tí ó jẹ́. Ewì rẹ̀ súnmọ́ oríkì ju ìwé àkọsílẹ̀ lọ. Ó fẹ́ràn akọni rẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń dá ìtàn kí ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpùrọ́. Ibi tí ìwé àṣẹ ọba àti ìwé owó bá ti wà, a máa ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wé wọn, ó sì sábà máa ń ṣe déédéé.

A bí James ní nǹkan bí ọdún 1286. Àfonífojì odò Douglas Water ní Lanarkshire, ní gúúsù Skọ́tíláńdì, ni ilẹ̀ ìdílé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni Sir William Douglas tí wọ́n ń pè ní Aláyà-líle. Ìyá rẹ̀ ni Elizabeth Stewart, ọmọ ilé tí ń bójú tó ààfin ọba láti ìran dé ìran. Ilé yìí náà ni àwọn ọba Stewart ti jáde lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Elizabeth kú nígbà tí James ṣì kéré gan-an. William kò dúró pẹ́ kí ó tó wá ìyàwó mìíràn, ọ̀nà tí ó sì gbà kò dára. Ní nǹkan bí ìparí ọdún 1288, ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Tranent, ó sì fi ipá gbé opó ọlọ́rọ̀ kan lọ, Eleanor de Lovaine, tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá bójú tó ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ tí ó kú fi sílẹ̀ fún un. Ọwọ́ Ọba Edward Kìn-ín-ní ni àṣẹ lórí ìgbéyàwó opó náà wà, nítorí náà ọba bu owó ìtanràn £100 lé William. Obìnrin yìí bí ọmọkùnrin méjì fún un, Hugh àti Archibald. Ẹ fi orúkọ àwọn méjèèjì sọ́kàn, kí ẹ sì rántí pé ọbàkan James ni wọ́n jẹ́, kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀.

Ní ọdún 1296, Edward kó ogun wọ Skọ́tíláńdì. William ni ó ń ṣọ́ ilé olódi Berwick nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ ìlú náà ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta, tí wọ́n sì pa àwọn ará ìlú lọ bí ẹní ń pa ẹran. Ó túúbá, ó sì búra fún Edward. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ó da ìbúra náà, ó dara pọ̀ mọ́ William Wallace, ọwọ́ sì tún tẹ̀ ẹ́ ní oṣù keje. Inú Tower ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó kú sí ní ọdún 1298, nínú ẹ̀wọ̀n. Ọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ Douglas, ó sì fi í fún ìjòyè rẹ̀ kan, Robert Clifford. James kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá lọ, ó sì ti di ọmọ aláìníbaba tí kò nílé.

Wọ́n ti rán an lọ sí Paris. Nígbà tí ó padà, William Lamberton, bíṣọ́ọ̀bù St Andrews, gbà á sílé, ó fi í ṣe ẹni tí ń gé ẹran níwájú òun nídìí tábìlì oúnjẹ. Ní ọdún 1304, nígbà tí Edward dó ti Stirling, bíṣọ́ọ̀bù náà mú ọmọkùnrin yìí lọ síwájú ọba, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ó sìn ín, kí ó sì dá ilẹ̀ bàbá rẹ̀ padà fún un. Barbour ní ọba béèrè ọmọ ta ni. Bí wọ́n ti dárúkọ William Douglas ni ọba yarí: ọ̀dàlẹ̀ ni bàbá rẹ̀, inú ẹ̀wọ̀n òun ni ó kú sí, ẹni tí òun sì fi ilẹ̀ náà fún ni yóò máa jẹ ẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù mú un kúrò níbẹ̀ láìfọhùn. Gbogbo ohun tí James ṣe fún ọdún 26 tí ó kù fún un láyé ni mo máa ń kà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 1306, Robert Bruce àti àwọn ènìyàn rẹ̀ pa John Comyn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Dumfries, ó sì di dandan fún Bruce láti jẹ ọba tàbí kí ó kú. Ìwé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n ń jẹun. James ní òun yóò lọ. Bíṣọ́ọ̀bù kò lè rán an lọ ní gbangba, nítorí náà ó fọgbọ́n sọ fún un pé kí ó mú ẹṣin òun tí ń jẹ́ Ferrand bí ẹni pé ó jí i, bí ẹni tí ń ṣọ́ ẹṣin bá sì ṣe agídí, kí ó mọ ohun tí yóò ṣe fún un. Ó ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ó lu olùṣọ́ ẹṣin bolẹ̀, ó di gàárì, ó gùn ún lọ. Ó pàdé Bruce lójú ọ̀nà Scone nítòsí Moffat, ó kúnlẹ̀ fún un, ó sì kí i gẹ́gẹ́ bí ọba. Wọn kò fi ara wọn sílẹ̀ mọ́ títí ọba fi kú.

Ẹ ó rí nínú ìwé pé James gba ilé bàbá rẹ̀ padà ní ọdún 1307, mo sì fẹ́ kí ọmọ yín mọ bí ó ṣe gbà á, nítorí ìtàn náà kò mọ́ rárá. Ó yọ́ wọ agbègbè náà ní ìkọ̀kọ̀ lọ sí ilé Thomas Dickson, ìránṣẹ́ bàbá rẹ̀ àtijọ́, tí ó sunkún nígbà tí ó mọ ẹni tí ó wọlé. Dickson ń mú àwọn ará ilẹ̀ náà wá bá a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lóru, wọ́n sì ń búra fún un. Ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ ilé olódi náà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì St Bride, àwọn ènìyàn yìí fa idà yọ lábẹ́ aṣọ, wọ́n pa àwọn kan, wọ́n sì mú ìyókù. Agbọ́únjẹ àti ẹni tí ń ṣọ́nà nìkan ni ó ṣẹ́kù sí ilé. Tábìlì ti wà ní títẹ́, oúnjẹ ti délẹ̀. James àti àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó, wọ́n jẹ oúnjẹ ọ̀tá wọn ní àjẹyó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kó ìyẹ̀fun, ọkà tí wọ́n fi ń ṣe ọtí àti àgbá ọtí wáìnì jọ sí yàrá ìsàlẹ̀, wọ́n fọ́ àgbá náà sórí wọn, wọ́n bẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n lórí síbẹ̀, wọ́n da iyọ̀ àti òkú ẹṣin sínú kànga, wọ́n sì ti iná bọ gbogbo ilé. Yàrá oúnjẹ Douglas ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń pe ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń sọ èyí bí ẹni ń sọ eré. Èmi kò rí eré nínú rẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ni ọmọ yìí dáná sun, nítorí kò ní àwọn ọmọ ogun tí yóò fi ṣọ́ ọ, kò sì fẹ́ kí ọ̀tá sùn níbẹ̀. Ìlànà tí Ọba Robert tẹ̀ lé nínú gbogbo ogun náà nìyẹn: kí wọ́n wó gbogbo ilé olódi tí wọ́n bá gbà, kí Gẹ̀ẹ́sì má baà rí ibi padà sí.

Ogun ìyókù, n ó yára kọjá lórí rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1314, ní alẹ́ tí ó ṣáájú ààwẹ̀ Lẹ́ǹtì, ó gba Roxburgh: àwọn ènìyàn rẹ̀ da aṣọ dúdú bora, wọ́n ń rá lórí ọwọ́ àti eékún, àwọn olùṣọ́ orí odi sì rò pé màlúù àgbẹ̀ kan ni wọ́n. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni ogun Bannockburn, níbi tí Robert Clifford, ẹni tí ó ti ń jẹ ilẹ̀ Douglas, ti kú. James fi ẹlẹ́ṣin bí 60 lépa Ọba Edward Kejì títí dé Dunbar, níbi tí ọba náà ti bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 1318 wọ́n gba Berwick padà, ìlú tí bàbá rẹ̀ ti túúbá. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ náà pinnu pé bí ọba bá kú tí àrólé rẹ̀ sì kéré, Thomas Randolph ni yóò ṣe adelé, bí Randolph bá sì kú, James Douglas ni.

Ohun tí ó kan ìbéèrè yín jù ni ilẹ̀ tí ó ń kó jọ. Ọba fún un ní Douglasdale padà, ó fi igbó Selkirk àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ẹnubodè kún un. Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1324, ní Berwick, ọba fún un ní ìwé àṣẹ kan tí ó ṣàrà ọ̀tọ̀. Douglas ti mú àwọn akọni Faransé mẹ́ta lójú ogun Byland ní ọdún 1322. Ọba fẹ́ dá wọn sílẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ òun àti Faransé, nítorí náà ó jẹ Douglas ní gbèsè owó ìràpadà wọn, 4,400 merk. Dípò owó, ó fún un ní àṣẹ láti máa dájọ́ ọ̀daràn ní gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki òrùka olókùúta émérádì tí ó ní àwọ̀ ewé bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí fún òun àti àrólé rẹ̀. Ní ọdún 1329, lẹ́yìn tí àlàáfíà ti dé, Edward Kẹta fúnra rẹ̀ dá Fawdon ní Northumberland padà fún un, ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọmọ-ọmọ ọba tí ó lé e kúrò ní Stirling ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ilẹ̀ padà fún un.

Ọba Robert kú ní Cardross ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún náà. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti lọ bá àwọn tí kì í ṣe Kristẹni jagun, àìsàn kò sì jẹ́ kí ó lọ, nítorí náà ó ní kí wọ́n yọ ọkàn òun kí James gbé e lọ. Wọ́n sin ara rẹ̀ sí Dunfermline, wọ́n fi oògùn tọ́jú ọkàn náà, wọ́n fi í sínú àpótí fàdákà kékeré, James sì gbé e kọ́ ọrùn. Edward Kẹta fún un ní ìwé ìrìnnà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1329. Ó gba Flanders lọ sí Seville ní ilẹ̀ Spéìn, níbi tí Ọba Alfonso Kọkànlá ti Castile ti ń múra ogun sí àwọn Mùsùlùmí Granada. Ní Seville, akọni kan tí ojú rẹ̀ kún fún àpá béèrè ìdí tí kò fi sí àpá kankan lójú ẹni tí ó ti jagun tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn Douglas ni pé òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé òun máa ń ní ọwọ́ tí òun fi ń dáàbò bo orí òun.

Ní Teba, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1330, ó lé àwọn ẹlẹ́ṣin Granada jìnnà jù, àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì yí padà sí i. Barbour ní ó lè bọ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé wọ́n ti ká William St Clair mọ́, ó ní òun yóò gbà á sílẹ̀, ó sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Pé ó ju ọkàn ọba síwájú rẹ̀ sínú ogun kí ó tó kú, àfikún àwọn tí ó wá lẹ́yìn ni. Kí ọmọ yín má kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òótọ́. William Keith, tí kò lọ sójú ogun nítorí pé apá rẹ̀ ti kán, ni ó gbé ọkàn náà àti egungun Douglas padà wálé. Wọ́n sin ọkàn náà sí Melrose, wọ́n sì sin egungun náà sí ṣọ́ọ̀ṣì St Bride, ibi tí ó ti fa idà yọ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ní ọdún 1996, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àpótí òjé kékeré kan ní Melrose tí wọ́n gbà pé ọkàn ènìyàn wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún un sin síbẹ̀ ní ọdún 1998.

Àwọn ọmọ wá ńkọ́? Méjì ni a mọ̀: William, tí ó jogún rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àti Archibald, tí ó ṣì kéré gan-an nígbà náà. Ìwé kò dárúkọ ìyá William, kò sì dárúkọ ìyá Archibald. Pé William jogún láìsí awuyewuye ni ó mú kí àwọn òpìtàn kan gbà pé ọmọ ìgbéyàwó ni. Àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1333, Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Skọ́tíláńdì ní Halidon Hill, wọ́n sì pa ọ̀dọ́mọkùnrin náà níbẹ̀, wọ́n pa Archibald, ọbàkan James, tí ó jẹ́ adelé ilẹ̀ náà nígbà náà, pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ilé Douglas pàdánù olórí àti alágbára rẹ̀.

Ẹni tí oyè kàn ni Hugh, ọbàkan kejì, àlùfáà ní Glasgow, tí kò lè ní àrólé. Àwọn tí ó kọ̀tàn lẹ́yìn náà fún un ní ìnagijẹ pé kò já fáfá. Èmi rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ. Ọkùnrin tí wọ́n ní kò já fáfá yìí ni ó ṣe ohun tí ó gba ilé náà là. Lábẹ́ òfin Skọ́tíláńdì, ọmọ tí a kò bí sínú ìgbéyàwó kì í ṣe àrólé, bí ó ti wù kí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ọba ni ó ni ilẹ̀. Ìjòyè lè fi ilẹ̀ rẹ̀ lé ọba lọ́wọ́, kí ọba sì tún un fún ẹni tí wọ́n bá jọ fẹnu kò sí, pẹ̀lú ìlà àwọn tí yóò jẹ ẹ́ tẹ̀ lé ara wọn ní kíkọ. Tí orúkọ ènìyàn bá ti wà nínú ìwé yẹn, kò tún kan ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe bí i.

Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1342, Hugh ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú Ọba David Kejì. Ìwé náà fi ilẹ̀ Douglas fún William mìíràn, ọmọ Archibald tí ó kú ní Halidon Hill, àti àwọn àrólé rẹ̀ ọkùnrin. Bí kò bá ní ọmọkùnrin, kí ó bọ́ sí ọwọ́ Sir William Douglas ti Liddesdale, ìbátan tí ó jìnnà díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó lágbára jùlọ nínú wọn nígbà náà. Bí òun náà kò bá ní, kí ó bọ́ sí ọwọ́ Archibald, ọmọ Sir James. Ẹnìkẹta ni orúkọ ọmọ náà wà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo sì dá mi lójú pé kò sí ẹni tí ó rò ní ọjọ́ yẹn pé ọ̀rọ̀ yóò débẹ̀.

Ó débẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1353, ẹni àkọ́kọ́ pa ẹnìkejì: William tí ó jogún ilẹ̀ náà dènà de Douglas ti Liddesdale nínú igbó Ettrick nígbà tí ọkùnrin náà wá ṣọdẹ, ó sì pa á. Kò fi ọmọkùnrin sílẹ̀. Ní ọdún 1358, ọba fi William jẹ Earl, oyè tí ó ga jù tí ilé Douglas tíì jẹ rí. Ọmọ rẹ̀, James, di Earl kejì, ó sì kú lójú ogun Otterburn ní oṣù kẹjọ ọdún 1388 láìfi ọmọ ìgbéyàwó sílẹ̀.

Níbo wá ni Archibald ti wà ní gbogbo àkókò yìí? Ó ń jagun, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀. Òǹkọ̀wé ìtàn kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e sọ pé wọ́n mú un ní Poitiers, ní Faransé, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1356, nínú ìhámọ́ra olówó ńlá, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi rò pé ìjòyè pàtàkì ni. Akọni Skọ́tíláńdì kan tí wọ́n jọ mú wọn, William Ramsay ti Colluthie, wò ó pé owó ìràpadà rẹ̀ yóò pọ̀. Ló bá jágbe mọ́ ọn bí ẹni tí inú ń bí: ìwọ olè yìí, ta ni ó ní kí o wọ ìhámọ́ra ọ̀gá rẹ? Wá bọ́ bàtà mi! Archibald lóye ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ̀n, ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà kan, Ramsay sì gbà á, ó fi lù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, ó ní kí ó lọ wá òkú ọ̀gá rẹ̀ láàárín àwọn tí ó ṣubú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà pé ìránṣẹ́ ilé ìdáná ni, wọ́n sì gba ṣílè 40 péré lórí rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú díẹ̀, kò sì lẹ́wà. Ìyẹn ràn án lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ní ọdún 1362 ó fẹ́ Joanna Moray, opó tí ó jogún ilẹ̀ Bothwell. Ní ọdún 1369 David Kejì fi í ṣe olórí Galloway, ó sì kọ́ ilé gíga Threave sí àárín odò Dee. Nítorí náà, nígbà tí Earl kejì kú, kì í ṣe ọmọ aláìnípò ni ó jáde wá béèrè oyè. Àbúrò olóògbé náà obìnrin, Isabella, àti ọkọ rẹ̀ Malcolm Drummond ní àwọn ni ó ní ilẹ̀ náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ni ó so wọ́n mọ́ ọn. Archibald mú ìwé ọdún 1342 jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 1389, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ náà jókòó ní Holyrood, wọ́n dájọ́ pé ohun tí ìwé sọ ni ó dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di Earl kẹta. Kí ó tó kú ní ìparí ọdún 1400, ọmọbìnrin rẹ̀ ti fẹ́ àrólé ọba, ọmọkùnrin rẹ̀ sì fẹ́ ọmọbìnrin ọba. Agbára náà pọ̀ jù fún àwọn ọba láti fara dà: wọ́n pa Earl kẹfà àti àbúrò rẹ̀, ọmọdé ni àwọn méjèèjì, ní ilé olódi Edinburgh ní ọdún 1440, Ọba James Kejì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún Earl kẹjọ lọ́bẹ ní Stirling ní ọdún 1452, nígbà tí ó sì di ọdún 1455, wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ka Dúdú.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù. Ẹ kọ ọ́ pé "ọmọ àlè", mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má lò ó nínú iṣẹ́ ọmọ yín. Ní èdè wa, ẹni tí wọ́n bí sí ilé ọkọ ọlọ́kọ, tí wọ́n fi bàbá rẹ̀ pamọ́, ni a ń pè bẹ́ẹ̀, èébú sì ni. Ẹnikẹ́ni kò fi bàbá Archibald pamọ́. Ìwé ọba pè é ní ọmọ Sir James nígbà tí ó ṣì wà lọ́mọdé. Nígbà tí Barbour ń kọ ewì rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1375, ọdún mẹ́tàlá kí oyè tó ṣí sílẹ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe sin egungun Douglas sí St Bride, ó sì fi kún un pé Sir Archibald, ọmọ rẹ̀, ni ó kọ́ ibojì alábásítà tí ó lẹ́wà lé e lórí. "Ọmọ rẹ̀" ni ó kọ, kò sì fi nǹkan mìíràn kún un.